Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Tí Kò Sá Fún Èèyàn

"Tí aṣọ ẹ bá tún rùn bí ara ẹranko lónìí, ìta lo máa sùn o!"

Ìyá aránṣọ kan ló ń fi ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀fẹ̀ báyìí, láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ náà ń jẹ búrẹ́dì, ó ń so okùn bàtà, ó sì ń wá fìlà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń sọ kiri àdúgbò pé ọmọ yín ti di ọ̀gá nínú igbó."

"Mo sọ ọ́, màá tún sọ ọ́. Ta ló ní kí n má fi ọmọ mi yangàn?"

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ọmọbìnrin yìí. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló gbà tó fi lọ ń kọ́ṣẹ́ ní ọgbà igbó ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igi àti ẹranko, tí ọdẹ kankan ò gbọ́dọ̀ yìnbọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn ọmọdé tó bá wá síbẹ̀ ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká. Ó ń mú wọn rìn lábẹ́ igi, ó ń fi ìtẹ́ ẹyẹ hàn wọ́n, ó sì ń sọ ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn ju ọ̀rá sínú odò. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Igbó. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gan-an ti gbàgbé èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Ká má parọ́, ó mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ tí kì í gbọ́ ti ìyá tó bí i á jókòó jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ọgbà sì fẹ́ gbà síṣẹ́ tó bá jáde ilé ìwé. Gbogbo wọn ló fojú sí i, ṣùgbọ́n Àǹtí Igbó fi ojú àti ọkàn sí i. Àléébù kan ló ní: kò lè fara da ìbáwí. Tí wọ́n bá bá a wí ní àárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ arúgbó kan wà nínú ilé oníwáyà lẹ́yìn kíláàsì ọgbà náà. Alàgbà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló gbà á lẹ́nu tàkúté nígbà tó wà ní kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò sàn mọ́, ó ń tiro, kò sì lè padà sínú igbó. Ọdọọdún ni dókítà ẹranko ń gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, òun ni àwọn ọmọdé sì ń dúró wò láti ẹ̀yìn wáyà. Ẹni tó bá fún un lóúnjẹ ló gbọ́dọ̀ fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn rẹ̀. Àǹtí Igbó ti gbàgbé ìkọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáàmù, sì bá a wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀," Màdáàmù sọ, "kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìtàn wa yìí ṣẹlẹ̀, Àǹtí Igbó ti kó àwọn ọmọ dé ibi tí bọ́ọ̀sì wọn wà. Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Oníbéèrè, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rántí pé òun ti gbàgbé ike omi òun sẹ́bàá odò. Àwọn méjèèjì padà lọ mú un. Ọmọ yìí ti ṣubú lórí òkúta wẹ́wẹ́ láàárọ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó.

Bí wọ́n ṣe mú ike náà tán, tí wọ́n yí kọ́nà báyìí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ló dúró láàárín ọ̀nà, nínú oòrùn ganrínganrín. Kò sá. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí! Alàgbà nìyẹn! Kí ló ń wá níta?"

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Àǹtí Igbó lọ́kàn ni ìkọ́ ilẹ̀kùn. Ṣé ó há a láàárọ̀ àbí kò há a? Kò rántí mọ́. Ohùn Màdáàmù nìkan ló ń gbọ́ létí.

"Rọra, Oníbéèrè. A máa mú un padà kí ẹnikẹ́ni tó rí i."

Ìṣìnà àkọ́kọ́ nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń kọ́ ọmọdé lójoojúmọ́ pé a kì í fọwọ́ kan ẹranko igbó ló wá ń yọ́ tọ ẹranko igbó lọ, torí pé ó ń bẹ̀rù ọ̀gá.

Kó tó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ tó fẹ́ fi wé e, Oníbéèrè ti na ọwọ́ tí bisikíìtì wà nínú rẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà lá àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Bí Àǹtí Igbó ṣe ní kí òun da súwẹ́tà bò ó, ẹranko náà yíjú padà, ó gé e jẹ lọ́rùn ọwọ́, ó sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wọnú igbó lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò ju díẹ̀ lọ. Àǹtí Igbó da omi inú ike sí i, ó sì fi aṣọ ìnujú dì í.

"Àǹtí, ṣé ó dùn yín?"

"Kò dùn mí. Fetí sílẹ̀ dáadáa. O ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnì kankan o. Àṣírí èmi àti ìwọ ni. Tí Màdáàmù bá gbọ́, wọ́n máa lé mi lọ, o ò sì ní rí mi mọ́."

Ọmọ náà wò ó, ó sì mi orí pé òun ti gbọ́. Ó fẹ́ràn Àǹtí rẹ̀ púpọ̀.

Bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ lọ. Àǹtí Igbó wá sáré lọ sí ilé oníwáyà láti lọ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ìkọ́ rẹ̀ há gbọnin-gbọnin. Alàgbà sùn sábẹ́ pákó rẹ̀, ó ń hanrun.

Ìgbà yẹn ló tó yé ọmọbìnrin náà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó gé e jẹ, kì í ṣe ti ọgbà. Ẹranko inú igbó ni, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí.

Ibi tó yẹ kó ti sáré lọ bá dókítà ẹranko nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tó ṣe: ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bo ọgbẹ́ náà, ó lọ ń gbálẹ̀ kíláàsì.

Nígbà tó délé, ojú ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ kì í fo ohun kékeré.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Wáyà ló ha mí, Màmá."

"Wáyà ọgbà ìjọba yìí náà! Mú un wá." Ìyá rẹ̀ fi òwú àti sípírítì nu ojú ọgbẹ́ náà, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ìgbà tí ọmọ náà ṣì wà ní kékeré. Àǹtí Igbó ò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọgbẹ́ kékeré ni, pé á jinná, pé ọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ ò tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ rí òkú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan létí odò. Dókítà ẹranko kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú kíláàsì. Kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fetí sí mi dáadáa," ó ní. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ pé ẹranko yìí ń gé táyà alùpùpù wọn jẹ nírọ̀lẹ́ àná. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ara rẹ̀ dá kì í dúró de èèyàn ní ọ̀sán gangan. Èyí tí kò bá sá fún èèyàn, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló ń wá, àìsàn ló ń ṣe é. Mo ti fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n dìgbòlugi ni mo fura sí. Ṣé ẹnì kan wà níbí tó fọwọ́ kàn án?"

Àǹtí Igbó ń wo bàtà rẹ̀.

"Dókítà," ẹ̀ṣọ́ kan bi í, "ṣebí ajá ló ń ní dìgbòlugi?"

"Ajá ló ń kó o ran èèyàn jù. Ṣùgbọ́n ológbò lè ní in, ọ̀bọ lè ní in, àdán àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà. Inú itọ́ ẹranko ni àrùn yẹn wà. Tó bá gé èèyàn jẹ, ó wọlé. Tó bá fi èékánná ya èèyàn lára, ó lè wọlé. Kódà tó bá kàn lá ibi tí ara ti bó, ó lè wọlé."

Tó bá kàn lá ibi tí ara ti bó. Àǹtí Igbó rí àtẹ́lẹwọ́ kékeré yẹn lọ́kàn rẹ̀, pẹ̀lú èérún bisikíìtì lórí rẹ̀.

"Ẹni náà ńkọ́, tí kò bá rẹ̀ ẹ́?" ẹlòmíì tún bèèrè.

"Ìyẹn gan-an lewu ibẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè tó oṣù mélòó kan, kò ní mọ nǹkan kan lára. Tí àìsàn náà bá wá fara hàn, ó ti pẹ́ jù. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn mọ́, ikú ló ń já sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè fọ ojú ọgbẹ́, tó sì gba abẹ́rẹ́ kí àìsàn tó fara hàn, a máa bọ́ níbẹ̀."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Àǹtí Igbó dúró síbẹ̀. Ó ń ro iṣẹ́ tó ń retí. Ó ń ro ìyá rẹ̀ tó ti ròyìn rẹ̀ ká àdúgbò. Tó bá dákẹ́, òun nìkan kọ́ ni yóò kú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà." Ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Màdáàmù ló kọ́kọ́ pariwo. "Ìgbà wo nìyí?"

"Àná ni mà."

"Àná! O sì dúró níbí, o dákẹ́?"

Dókítà ò pariwo rárá. Ó fà á lọ sí ìdí omi ẹ̀rọ, ó fún un ní ọṣẹ, ó ní kó máa fọ ọgbẹ́ náà, kó máà dúró. "Kò bọ́ sásìkò, ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn má fọ̀ ọ́ lọ. Máa fọ̀ ọ́." Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti bú sẹ́kún.

"Èmi nìkan kọ́ sà. Ó lá Oníbéèrè lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ sì ti bó. Ó sọ lánàá pé òun àti ìyá òun ń lọ bá bàbá òun ní ìlú tó jìnnà lónìí."

Màdáàmù pe fóònù ìyá ọmọ náà. Kò wọlé. Ó tún pè é, kò wọlé. Dókítà ti wà nínú ọkọ̀.

Onídìrí ni ìyá Oníbéèrè. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Atúnbàtàṣe tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ nawọ́ sí òpópónà. "Wọ́n ti gbé báàgì lọ sí gáréèjì. Ó ti ṣe díẹ̀ o. Ẹ sáré, bóyá ẹ ṣì lè bá wọn."

Wọ́n wakọ̀ lọ sí gáréèjì. Iná ojú pópó dá wọn dúró, Màdáàmù sì ń fi ìka gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ lemọ́lemọ́. Àǹtí Igbó ń gbàdúrà pé kí táyà bọ́ọ̀sì yẹn jò.

Bọ́ọ̀sì náà ti kún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kù. Àǹtí Igbó ló kọ́kọ́ rí orí kékeré kan lójú fèrèsé.

"Àǹtí Igbó!" Oníbéèrè ń juwọ́, inú rẹ̀ ń dùn.

Wọ́n wọnú bọ́ọ̀sì. Dókítà sọ ohun tó gbé wọn wá fún ìyá ọmọ náà, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ṣe kedere. Obìnrin náà gbé báàgì kúrò lórí itan rẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ẹranko kan lá ọ lọ́wọ́ lánàá?"

Oníbéèrè wo Àǹtí rẹ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó fi í sẹ́yìn.

"Rárá, Màmá."

"Ẹ ti gbọ́. Ọmọ mi kì í parọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà wa jìn."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre!" awakọ̀ kígbe láti iwájú, ó tẹ fèrè. Àwọn èrò ti ń kùn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Bó tiẹ̀ lá a, kí ni? Ẹ fi epo àti iyọ̀ pa á, ó parí."

"Epo àti iyọ̀ ò lè pa àrùn yìí, bàbá," Dókítà dáhùn. "Ṣe ni wọ́n máa dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró."

Àǹtí Igbó kúnlẹ̀ sáàárín àga, níwájú gbogbo èrò. Ó tú báńdéèjì tí Dókítà fi di ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọgbẹ́ náà síwájú ọmọ kékeré yẹn.

"Oníbéèrè, wò ó. Òun náà ló ṣe èyí. Èmi ni mo ní kó o má sọ. Mo ṣìṣe. Ìbẹ̀rù ló mú mi ṣe é. Àgbàlagbà tó bá ní kí ọmọdé fi ohun tó ṣe é pa mọ́ fún ìyá ẹ̀, àgbàlagbà yẹn ò ṣe dáadáa, kódà kó jẹ́ èmi. Sọ fún Màmá."

Ọmọ náà wo ojú Màdáàmù. "Ṣé Màdáàmù ò ní lé yín?"

"Wọ́n lè lé mi. Ìyẹn ò kàn ẹ́. Sọ fún Màmá."

Oníbéèrè mú ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú, ó ṣí i. Àtẹ́lẹwọ́ náà ṣì pọ́n níbi tó ti bó. "Ibí ló lá. Itọ́ ẹ̀ gbóná."

Ìyá rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wá kọjú sí Àǹtí Igbó. "O kọ́ ọmọ mi nírọ́! Ọmọ tí mo fi síkàáwọ́ yín kí ẹ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́!" Awakọ̀ tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan ti pa ẹ́ńjìnnì, òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tún fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ àwọn méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ ní apá, wọ́n sì gún wọn ní òmíràn yí ojú ọgbẹ́ ká. Oníbéèrè ké, ìyá rẹ̀ náà ń sunkún. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wọn pé abẹ́rẹ́ náà ṣì kù, pé ọjọ́ tí òun bá dá fún wọn ni kí wọ́n máa wá, kí wọ́n má sì fo ẹyọ kan.

Nígbà tí Àǹtí Igbó sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Wáyà!" ìyá rẹ̀ ní. "O jókòó níwájú mi, o ní wáyà ni. Tó o bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ máa fi yangàn?" Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbá a létí díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún dì mọ́ ọn.

Èsì àyẹ̀wò jáde: dìgbòlugi ló pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn lóòótọ́.

Màdáàmù pè é sí ọ́fíìsì. "Ká ní o wá bá mi lọ́sàn-án yẹn, ǹ bá bá ẹ wí, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀," ó ní. "Èèyàn lè ṣìṣe. Ṣùgbọ́n o pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Mi ò lè fi àwọn ọmọ sí ẹ lọ́wọ́ báyìí." Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ó dun Àǹtí Igbó wọra, kò sì sí ẹni tó lè ní kó má dùn ún.

Ọjọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, òun àti ìyá Oníbéèrè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwòsàn. Kò pẹ́, ọmọ náà jáde síta, ara rẹ̀ yá gágá, ó ń fò síwá fò sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ dìde, ó mú un lọ́wọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n o wá bá wa ní gáréèjì."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí fún yín rèé. Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má fọwọ́ kan ẹranko igbó, àgàgà èyí tí kò bá sá fún yín, ì báà kéré, ì báà rẹwà. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ tàbí dókítà ẹranko. Ajá àti ológbò ilé yín, ẹ máa gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára.

Tí ẹranko bá gé yín jẹ, tó ya yín lára, tàbí tó lá ojú egbò yín, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré sí. Ẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán. Ẹ má fi epo, iyọ̀ tàbí ata sí i. Kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró wò ó bóyá ara á le. Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀, kó ṣì lọ. Ẹ gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà pé.

Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín pé kò sí àṣírí láàárín àwọn àti àgbàlagbà kankan nípa ohun tó bá kan ara wọn. Tí ọmọ bá wá jẹ́wọ́ fún yín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ná, kí ẹ tó bá a wí. Ọ̀gá tó ń bínú lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́la. Dìgbòlugi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.